Bí a ṣe ń wọn ìdúróṣinṣin ara àwọn àgbàlagbà nígbà ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò: Ìtọ́sọ́nà fún àwọn ará Òkè-Ògùn

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Wíwo ẹ̀yìn yìí gan-an ni iṣẹ́ àwọn ìdánwò tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń gba ìtọ́jú lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, lẹ́yìn tí eegun ìbàdí kán, tàbí lẹ́yìn àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò tó kí ojú máa wò ó kí ẹnu sì máa sọ pé ara ti ń yá. Ó yẹ kí a wọn bí ó ti lè dúró, bí ó ti lè yípo àti bí ó ti lè rìn láìṣubú. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

A kọ àlàyé yìí fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ béèrè pé kí wọ́n wọn ìdúróṣinṣin òbí yín, ẹ mọ nọ́ńbà tí wọ́n gbà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ìdúróṣinṣin ara?

Ìdúróṣinṣin ara ni agbára tí ènìyàn fi ń mú ara rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀, yálà ó dúró sójú kan, ó ń rìn, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀. Ẹ̀yà ara mẹ́ta ló ń ròyìn fún ọpọlọ kí èyí tó lè ṣeé ṣe. Ojú ń sọ ibi tí a wà àti ohun tó wà níwájú. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń mọ̀ bí orí bá tẹ̀ tàbí bí ó bá yí. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé sì ń sọ bí ilẹ̀ ti rí, bóyá ó le, bóyá ó rọ̀, bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ọpọlọ yóò kó ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, yóò sì pàṣẹ fún iṣan ẹsẹ̀, ìbàdí àti ẹ̀yìn pé kí wọ́n gbé ara ró kí ó tó yẹ̀.

Bí ọjọ́ orí ti ń ga, ìròyìn yìí lè máa pẹ́ dé, àṣẹ náà sì lè máa pẹ́ kí ó tó ṣẹ. Àìsàn a sì tún dá kún un. Àtọ̀gbẹ lè pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ tó ń bo ẹyinjú lè dín ìríran kù. Rọpárọsẹ̀ lè gba agbára apá kan ara. Orúnkún tó ń dunni lè mú kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé ara. Àwọn oògùn kan, pàápàá oògùn oorun àti àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà nígbà tí ó bá dìde. Nítorí náà, ìṣubú kì í ṣe ohun tí a lè kàn pè ní ọjọ́ ogbó kí a sì fi sílẹ̀. Ó ní ìdí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdí náà ló sì ṣeé tọ́jú.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a wọ̀n ọ́n

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó ju 80 lọ nínú 100 ikú wọ̀nyí ló ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tí ó mọ níwọ̀n. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní 2003 lórí ìgbésí ayé àwọn tó ti pé ẹni 65 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Ìṣubú wà lára ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó wà lára ohun tó ń sọ àgbà di ẹni tí kò lè ṣe nǹkan fún ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ méjì ṣàlàyé àṣìṣe tí ìwọ̀n lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́jú òbí yóò dá wọn mọ̀.

Ìyá àgbà kan ní Ṣakí ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọn kò fara pa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ sọ pé ìyá kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá wọn lórí ẹní, wọ́n ń bu omi wá bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìfẹ́ ni àwọn ọmọ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjókòó pípẹ́ a máa jẹ iṣan ẹsẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù mẹ́fà, ìyá tó ń dá rìn tẹ́lẹ̀ kò lè dìde lórí àga láìsí ẹni tí yóò fà wọ́n sókè.

Bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn ní rọpárọsẹ̀, wọ́n sì gba ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti já gaara, wọ́n ti padà sídìí òfì, ìjókòó wọn sì dára. Gbogbo ilé ti dúpẹ́ pé bàbá ti gbádùn. Ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde nídìí òfì kí wọ́n sì yí padà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n máa ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n kí ẹsẹ̀ wọn tó balẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti ṣubú lọ́jọ́ kan.

A di ìyá mú jù, a sì tú bàbá sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ojú ló tan àwọn ọmọ nínú ilé méjèèjì. Bí a bá ti wọn àwọn méjèèjì ni, ìwọ̀n ìbá ti fi hàn pé ìyá ṣì lè rìn, eré ìdárayá tí yóò fún ẹsẹ̀ wọn lágbára ni wọ́n nílò. Ìbá sì ti fi hàn pé bàbá ṣì nílò ẹni tí yóò dúró tì wọ́n bí wọ́n bá ń yí padà.

Àwọn ìdánwò tí àwọn oníṣẹ́ físíò ń lò

Oníṣẹ́ físíò ni onímọ̀ ìlera tó ń fi ìdárayá, ìkọ́ni àti ìtọ́jú ara ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ó lè padà máa lo ara rẹ̀. Ó ní ọ̀nà púpọ̀ láti wọn ìdúróṣinṣin. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

*Ìdánwò Berg.* Katherine Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ló gbé e jáde ní 1989 fún àwọn àgbàlagbà. Iṣẹ́ 14 ló wà nínú rẹ̀, máàkì 0 sí 4 ni a sì ń fún ènìyàn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 56 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ náà nìyí:

- kí ènìyàn dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan;
- kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 2 láìdi nǹkan mú;
- kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 2 láìfẹ̀yìn ti nǹkan;
- kí ó rọra jókòó láti orí ìdúró;
- kí ó ti orí àga kan bọ́ sórí òmíràn;
- kí ó dúró, kí ó di ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10;
- kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀;
- kí ó na apá síwájú bí ó bá ti lè jìnnà tó;
- kí ó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀;
- kí ó bojú wẹ̀yìn láti èjìká ọ̀tún àti òsì;
- kí ó yípo pátápátá, lápá ọ̀tún àti lápá òsì;
- kí ó máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé àpótí kékeré ní àṣepadà;
- kí ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì;
- kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Kò ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Iṣẹ́ tí a ti ń di ojú yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Moritz Romberg, ti ṣàkíyèsí ní ọ̀rúndún 19 pé àwọn aláìsàn kan tó lè dúró dáadáa nígbà tí ojú wọn là máa ń yẹ̀ ní kété tí wọ́n bá dijú. Ìdí ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò ròyìn ilẹ̀ mọ́, ojú nìkan ni wọ́n fi ń gbé ara ró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa rìn dáadáa lọ́sàn-án, kí ó sì ṣubú ní òru nígbà tí iná bá lọ.

*Ìdánwò dìde-kí-o-rìn.* Àwọn oníṣègùn ń pè é ní Timed Up and Go. Podsiadlo àti Richardson ló kọ bí a ti ń ṣe é sílẹ̀ ní 1991. Àgbàlagbà yóò jókòó lórí àga alápá. Bí wọ́n bá ní "ó yá", yóò dìde, yóò rin mítà 3 bí ó ti máa ń rìn, yóò yí padà, yóò padà wá, yóò sì jókòó. A ń fi aago ka ìṣẹ́jú-àáyá tí gbogbo rẹ̀ gbà. Ó lè wọ bàtà rẹ̀, ó sì lè lo ọ̀pá rẹ̀ bí ó bá máa ń lò ó. Ní ìdíwọ̀n, àwọn tí ara wọn dá tó wà láàrin ọdún 60 sí 69 máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8. Àwọn tó wà láàrin 70 sí 79, nǹkan bí 9. Àwọn tó ti pé 80, nǹkan bí 11. Àjọ tó ń bójú tó ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí CDC, ka ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí àmì pé ó yẹ kí a fura sí ìṣubú. Kì í ṣe aago nìkan ni oníṣẹ́ físíò ń wò. Ó ń wo bí ẹsẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, bí ọwọ́ kò bá fì, àti bí ènìyàn bá ń di ara ògiri mú nígbà tí ó bá ń yí padà.

*Ìdánwò ìdúró mẹ́rin.* Ìdúró mẹ́rin ni ènìyàn yóò ṣe, ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Èkejì, ẹsẹ̀ kan yóò sún síwájú díẹ̀. Ẹ̀kẹta, gìgísẹ̀ ọ̀kan yóò kan ọmọ-ìka èkejì. Ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá lè dúró pé ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní ìdúró kẹta wà nínú àwọn tí ìṣubú tètè máa ń mú.

*Ìdánwò ìdìde lórí àga.* Àgbàlagbà yóò ká apá kọ́ àyà, yóò sì máa dìde, yóò máa jókòó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. A ń ka iye ìgbà tí ó dìde. Agbára itan àti ẹsẹ̀ ni ìdánwò yìí ń wọ̀n. Ìlànà CDC sọ pé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin tó wà láàrin ọdún 65 sí 74 kò bá dé 12, tàbí bí obìnrin kò bá dé 11 láàrin ọdún 65 sí 69, tí kò sì dé 10 láàrin 70 sí 79. Láàrin 80 sí 84, 10 ni ti ọkùnrin, 9 sì ni ti obìnrin.

*Ìdánwò ìnawọ́.* Pamela Duncan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1990. Ènìyàn yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí a lẹ rúlà mọ́, yóò na apá síwájú láìgbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá na apá kọjá sẹ̀ǹtímítà 25 ṣe dáadáa. Ẹni tí kò bá dé 15 wà nínú ewu gidigidi.

*Ìbéèrè nípa ìbẹ̀rù.* Ẹ̀rù ìṣubú pàápàá ṣeé wọ̀n. Ìwé ìbéèrè kan wà tí a ń pè ní FES-I, ìbéèrè 16 ló wà nínú rẹ̀, máàkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 16 títí dé 64. Bí ó bá ti ga sí i ni ẹ̀rù ti pọ̀ tó. Ó ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í rìn, ẹni tí kì í rìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ.

Ó tún yẹ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àgbàlagbà nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ó bá ti dìde fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìdí tí òòyì fi ń kọ́ ọ. Dókítà lè yí oògùn rẹ̀ padà.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Nínú ìdánwò Berg, ẹni tó bá gba 0 sí 20 sábà máa ń nílò kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹni tó bá gba 21 sí 40 lè rìn bí ìrànlọ́wọ́ bá wà. Ẹni tó bá gba 41 sí 56 sábà máa ń dá rìn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ físíò a máa fura sí ìṣubú bí máàkì kò bá dé 45, ṣùgbọ́n 45 kì í ṣe odi. Ẹni tó gba 47 lè ṣubú lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ẹni tó gba 43 sì lè máa rìn fún ọdún púpọ̀ bí ó bá ń ṣọ́ra. Ìdí nìyí tí a fi ń pa ìdánwò méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Èyí tó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi sọ́kàn jù ni ìyàtọ̀ láàrin ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ara kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ẹni tí kò sùn dáadáa lè gba máàkì tó dín ní méjì láìjẹ́ pé ìdúróṣinṣin rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò pé kí ó tó dá wa lójú pé àyípadà gidi ti wà, máàkì Berg gbọ́dọ̀ fi 4 yàtọ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàrin 45 sí 56, kí ó fi 5 yàtọ̀ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàrin 35 sí 44, kí ó fi 7 yàtọ̀ láàrin 25 sí 34, kí ó sì fi 5 yàtọ̀ láàrin 0 sí 24.

Bí ìyá yín bá gba 38 lóṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gba 41 lóṣù kejì, ẹ má tíì jó. Bí ó bá di 44 lóṣù kẹta, ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì wà ní 38 fún oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè ohun tó yẹ kí a yí padà, kí owó ọkọ̀ àti àkókò yín má baà ṣòfò.

Ohun tí ìdánwò kò lè rí

Ilẹ̀ títẹ́jú ni a ti ń ṣe àwọn ìdánwò wọ̀nyí. Ìdánwò Berg kò tilẹ̀ wo ìrìn. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta yọrí sójú ọ̀nà ní ẹsẹ̀ òkè Asabari, aporo tó wà láàrin ebè iṣu kò gbà ju ẹsẹ̀ kan lọ, òjò sì máa ń gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé di kòtò. Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń lọ sí ṣálángá tí a ń lóṣòó lé. Mùsùlùmí ń fi orí kanlẹ̀, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀mélòó kan nínú ìrun kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà.

Nítorí náà, ẹ sọ fún oníṣẹ́ físíò ohun tí òbí yín ń ṣe lóòótọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ padà máa kírun lórí ìdúró, ẹ sọ ọ́. Bí oko ni wọ́n fẹ́ padà sí, ẹ sọ ọ́. Oníṣẹ́ físíò tó mọ iṣẹ́ yóò sọ ohun náà di apá kan ìtọ́jú, yóò máa wọn bí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn, yóò sì sọ òótọ́ bí ó bá rí i pé àga tàbí ọ̀pá ni yóò dára jù.

Bí ẹ ó ṣe múra sílẹ̀

- Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀, kí wọ́n mú ọ̀pá àti awò ojú wọn dání.
- Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò lọ, pẹ̀lú àgbo. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́.
- Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ti ṣubú láàrin oṣù 12, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.
- Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì sinmi kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.
- Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ìdánwò, máàkì, àti bóyá wọ́n lo ọ̀pá. Bí ẹ bá lọ sí ilé-ìwòsàn mìíràn, ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ilé-ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, àti Baptist Medical Centre ní Ṣakí, wà lára ibi tí ẹ lè kọ́kọ́ lọ béèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé rán yín lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá bíi ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí UCH ní Ìbàdàn. UCH ní ibùdó tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tí a ṣí ní 2012. Yunifásítì Ìbàdàn sì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè físíò ní Nàìjíríà, ní 1966. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó ń tọ́jú yín ní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ MRTB, àjọ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ físíò ní orílẹ̀-èdè yìí.

A mọ̀ pé ọ̀nà Ìbàdàn jìn sí ẹni tó wà ní Ìgbòho, owó ọkọ̀ sì ń kóni lọ́kàn sókè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn ìdánwò wọ̀nyí ń lò: àga, aago, rúlà, téèpù ìwọ̀n àti àpótí kékeré. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera tí a ti kọ́ lè ṣe ìdánwò dìde-kí-o-rìn ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ má dán ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan tàbí ìdánwò ìdijú wò nílé fún ẹni tí kò dá dúró. Ẹni tó bá lè dá dúró lè ṣe ìdìde lórí àga, bí a bá ti àga náà mọ́ ògiri tí ẹnì kan sì dúró tì wọ́n. Ẹ tan iná tàbí tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ní òru. Ẹ kó ẹní àti rọ́ọ̀gì tó ń yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bàtà tó dì mọ́ gìgísẹ̀ dára ju sálúbàtà lọ. Ẹ kan igi tàbí irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè ṣe é. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Otago ní New Zealand ti fi hàn pé àgbàlagbà tó bá ń ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀ àti ti ìdúróṣinṣin nílé, tó sì ń rìn déédéé, kì í ṣubú tó ẹni tí kò ṣe é. Oníṣẹ́ físíò ni yóò yan èyí tó bá òbí yín mu.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Ẹ tètè gbé àgbàlagbà tó ṣubú lọ sí ilé-ìwòsàn bí kò bá lè dìde, bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ tí ó sì yí síta, bí ó bá fi orí gbálẹ̀ tí ó sì ń bì tàbí tí oorun ń kùn ún, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú. Ẹ má fa ẹsẹ̀ náà, ẹ má sì fi omi gbígbóná tàbí òróró fọwọ́ rà á kí wọ́n tó ya àwòrán eegun rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́

*Ṣé ìdánwò yìí kì í dunni?* Kì í dunni. Ó lè rẹ ènìyàn díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n jálẹ̀.

*Bàbá wa kò fẹ́ lo ọ̀pá, wọ́n ní ọ̀pá ń sọ wọ́n di arúgbó.* Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìdánwò dìde-kí-o-rìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láìsí ọ̀pá, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn fúnra wọn bá rí i pé ẹsẹ̀ wọn balẹ̀ dáadáa sí i pẹ̀lú ọ̀pá, ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn láti gbà.

*Báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa wọ̀n ọ́n tó?* Nígbà tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àti nígbà tí ìtọ́jú bá fẹ́ parí. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣubú.

*Ṣé a lè máa bá iṣẹ́ lọ?* Ọ̀pọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá tún ibi iṣẹ́ ṣe. Bàbá tó ń hun aṣọ lè kan igi ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí ó sì máa dìde díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

A rọ gbogbo ìdílé tó ní àgbàlagbà tó ń bọ̀ sípò pé kí wọ́n béèrè ìbéèrè mẹ́ta ní ìgbà tí wọ́n bá tún lọ sí ilé-ìwòsàn: Mélòó ni wọ́n gbà lónìí? Mélòó ni wọ́n gbà nígbà tó kọjá? Kí ni ó yẹ kí a ṣe kí ti oṣù tó ń bọ̀ lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kékeré náà, kí ẹ sì jẹ́ kí òbí yín gbọ́ nọ́ńbà náà pẹ̀lú, nítorí ẹsẹ̀ wọn ni.